Láti Èkó dé Accra: Báàgì wo ló yẹ arìnrìn-àjò?

Ní ibùdókọ̀ Máìlì Tú l'Ékòó, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹrù ni ìyọnu àkọ́kọ́ tó máa ń dojú kọ arìnrìn-àjò, kì í ṣe ọkọ̀. Awakọ̀ kan ń pe Sẹ̀mẹ̀, èkejì ń pe Kútọnu, àwọn agbèrò ń fa èrò lápá ọ̀tún, wọ́n sì ń fa ẹrù rẹ̀ lápá òsì. Kí ẹlẹ́rù tó la ẹnu sọ̀rọ̀, báàgì rẹ̀ ti wọ búùtù, wọ́n ti gbé àpò gàrí lé e lórí, wọ́n sì ti fi páálí ẹlòmíràn há a mọ́lẹ̀. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, ohun tó wà nínú báàgì yẹn ti kúrò ní ìkáwọ́ olówó rẹ̀. Bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá wà níbẹ̀, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá wà níbẹ̀, bí owó tí yóò ná lójú ọ̀nà bá wà níbẹ̀, ẹnubodè ni yóò ti mọ̀ pé ilé lòun ti ṣe àṣìṣe náà wá.

Ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Accra kò tó 500 kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn ín yóò rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ọ̀nà náà kàn: Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gáná. Ẹnubodè mẹ́ta ni èrò yóò kọjá, oríṣi owó mẹ́ta ni yóò sì ná: náírà, séfà àti sídì. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti wọ ilẹ̀ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá pé. Nítorí náà, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ẹbí ló jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà, oríṣiríṣi báàgì ni wọ́n sì ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ ra báàgì kan ṣoṣo tí yóò bá a lọ sájò, tí yóò sì tún bá a lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kò lè rí olùkọ́ tó dára ju ọ̀nà yìí lọ.

NÍ SẸ̀MẸ̀, ẸSẸ̀ NI WỌ́N FI Ń RÌN

Láti Máìlì Tú, ọkọ̀ yóò gba ọ̀nà Àgbádárìgì títí yóò fi dé Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti ṣí ibùdó ẹnubodè àjùmọ̀lò ní ọdún 2018. Níbẹ̀, èrò a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ fi ìwé han àwọn aṣọ́bodè, ọkọ̀ a sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹrù inú búùtù. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó yóò pé lé ènìyàn lórí, ọlọ́kadà yóò máa pè é, alágbàrù yóò máa na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀. Níbí ni ẹni tó gbé àpótí onítáyà dání ti máa ń kábàámọ̀. Àpótí yẹn dára ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí ilẹ̀ ti dán bí ojú díńgí. Ṣùgbọ́n lórí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, táyà kékeré rẹ̀ kì í yí mọ́, fífà ni olówó rẹ̀ yóò máa fà á bí ẹni fa àgbò ọdún. Bí ó bá sú u, yóò gbé e rù, tàbí kí ó sanwó fún ẹni tí yóò bá a gbé e.

Ẹni tí báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ìyọnu yìí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó fi ọ̀kan mú ìwé ìrìnnà, ó fi ìkejì di ọmọ rẹ̀ mú. Ohun tí ó kó wá láti ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí òun bá a gbé e.

Sẹ̀mẹ̀ yìí náà ni ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìtàn báàgì tó lókìkí jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari kéde pé gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Àwọn tó kó ẹrù lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gáná ló sì pọ̀ jù nínú wọn: olùkọ́, kápẹ́ńtà, télọ̀, bíríkìlà, àwọn tí wọ́n ti ń bá ọmọ Nàìjíríà gbé nínú ilé kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè, ilẹ̀kùn ti tì. Ìjọba Jerry Rawlings ti ti ẹnubodè Gáná àti Tógò pa láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Tógò kò fẹ́ kí èrò há sọ́dọ̀ òun, ó ti tirẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ náà ti tirẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe há sójú ọ̀nà tàwọn ti ẹrù wọn, títí di ọjọ́ 29 oṣù náà tí Gáná tó gbà kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Ní ọdún 1985, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, Nàìjíríà tún lé àwọn àjòjì lẹ́ẹ̀kejì.

Báàgì rọ́bà onílà búlúù àti pupa, tó fúyẹ́, tó gbòòrò, tí owó rẹ̀ kò ga, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí kó ayé wọn sí. Láti ìgbà náà ni báàgì yẹn ti gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní: Gáná-mọ́sì-gò, ìyẹn ni pé ará Gáná gbọ́dọ̀ lọ. Iyá tó ń kó àǹkárá sínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó gàrí àti ìwé sínú rẹ̀ lọ sí yunifásítì, olóṣèlú tí aráyé ní ó ń kó owó sínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń pe orúkọ náà láìrántí ẹni tí wọ́n fi sọ.

Ibi púpọ̀ ni báàgì yìí ti ní orúkọ. Ní Jámánì, àpótí àwọn ará Tọ́kì ni wọ́n ń pè é. Ní Hong Kong, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: pupa, funfun àti búlúù. Kódà, ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ Louis Vuitton ti ilẹ̀ Faransé gbé báàgì olówó ńlá jáde tí ilà ara rẹ̀ jọ tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò jù ni orúkọ tí ará Gáná fúnra rẹ̀ ń pè é. Ní èdè Twi, wọ́n ń pè é ní "Efiewura sua me," ìyẹn ni pé, "Onílé, bá mi gbé e." Nàìjíríà wo báàgì náà, ó ní kí ẹlẹ́rù máa lọ. Ẹlẹ́rù wo báàgì kan náà, ó ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ ran òun lọ́wọ́. Orúkọ kejì yìí sọ àbùkù báàgì náà tán. Ó gba ẹrù púpọ̀ ju èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá gbé lọ.

KÚTỌNU, LÒMÉ ÀTI BÚRẸ́DÌ SOGAKOPE

Ẹni tó bá dé Kútọnu tó fẹ́ lọ sí ọjà Dantokpa, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ni yóò gùn. Lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, báàgì ọlọ́wọ́ gígùn a máa wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, èyí tí a gbé lé itan a sì máa ti ènìyàn sẹ́yìn nígbàkigbà tí ọlọ́kadà bá tẹ bíréèkì. Èyí tó wà lẹ́yìn kì í mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá wọ àárín èrò ọjà, ẹ̀yìn kò rójú. Níbẹ̀, ọlọ́gbọ́n a yí báàgì rẹ̀ sí àyà, bí ìyá ti ń gbé ọmọ tó ń sunkún. Báàgì tó dára ni èyí tó jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe méjèèjì láìkọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀.

Láti Kútọnu, ọ̀nà yóò gba tòsí Ouidah àti Grand-Popo, òkun lápá òsì, igi àgbọn lọ bẹẹrẹbẹ, títí dé Hilla-Condji tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti pààlà. Bí ènìyàn bá ti kọjá síbẹ̀, yóò yí aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Lákòókò òjò, ìdádúró ní ẹnubodè yìí a máa fi hàn bóyá báàgì lè gba òjò dúró. Rọ́bà ara Gáná-mọ́sì-gò kì í mu omi, ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ àti sípù rẹ̀ a máa jẹ́ kí omi wọlé. Báàgì aláṣọ nípọn náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà kì í bá òjò jiyàn; ọ̀rá ni yóò kọ́kọ́ fi wé aṣọ àti ìwé rẹ̀ kí ó tó kó wọn sínú báàgì èyíkéyìí.

Ní Lòmé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlú yìí ni àwọn obìnrin oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti fi àǹkárá di olówó, tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ mẹ́sí tó sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tó bá lọ sí Assigamé, ọjà ńlá ìlú náà, kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó lè ti ilé wá pẹ̀lú aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta, kí ó sì máa padà lọ pẹ̀lú bọ́ńdù àǹkárá mẹ́wàá. Kò sí báàgì ẹ̀yìn kankan tí yóò gba èyí. Níbí ni Gáná-mọ́sì-gò ti ń gbẹ̀san lára àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A lè ká a pẹlẹbẹ bí ìwé ìròyìn, a lè fi í sí ìsàlẹ̀ báàgì mìíràn láìgba àyè kankan, bí ìṣẹ́jú tó yẹ bá sì dé, a ó tú u, yóò sì gba ọjà tó lè kún ẹ̀yìn ọkọ̀ takisí. Nígbà yẹn, alágbàrù wà nítòsí, ọkọ̀ wà nítòsí. Kò burú kí ènìyàn pe onílé kó bá òun gbé e.

Lòmé àti Aflao fara kan ara wọn bí ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá kọjá sí Aflao ti wọ Gáná nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Accra yóò gba Sogakope, níbi afárá odò Volta, àwọn oníbúrẹ́dì yóò sì sáré bo ọkọ̀, búrẹ́dì ńlá ńlá lórí igbá. Ìwọ̀nba èrò ló ń kọjá níbẹ̀ láìrà. Ẹni tó bá ní báàgì kan ṣoṣo tó ti kún dẹ́nu yóò gbé búrẹ́dì rẹ̀ sí itan dé Accra, tàbí kí ó fi í sí búùtù kí ó sì di pẹlẹbẹ. Ẹ̀kọ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni: kí báàgì tó kúrò nílé, kí ìdámẹ́rin inú rẹ̀ ṣófo.

NÍ ACCRA, ÀWỌN TIWA NÁÀ TI DI ẸRÙ RÍ

Ọmọ Yorùbá tó bá dé Accra kò gbọdọ̀ rò pé ará Gáná nìkan ni báàgì lé rí. Kí ọdún 1983 tó dé, ìyà yìí ti kọ́kọ́ jẹ àwọn tiwa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Gáná sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tó wà ní Accra, Kumasi àti Tamale nígbà náà pọ̀ jọjọ. Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ọ̀fà, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti wá. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé Gáná ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn kò mọ ọ̀nà oko baba wọn. Oníṣòwò tó ti fi ọjà àwìn síta kò rí gbèsè gbà. Ẹni tó ní ilé kò rí ẹni tí yóò rà á ní iye tó tọ́. Wọ́n di ìwọ̀nba ohun tó ṣeé dì, wọ́n sì wá ọkọ̀ wá sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ní 1969, ọ̀sẹ̀ méjì ní 1983. Ìyá tó ń di ẹrù ní Tamale àti ìyá tó ń di ẹrù ní Èkó, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi ara wọn: kí ni n ó mú, kí ni n ó fi sílẹ̀? Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀ kì í fi ojú yẹpẹrẹ wo báàgì. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí yóò jẹ́ pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ká nìkan ni tirẹ̀.

Ó yẹ kí a tún rántí pé ẹnubodè lè tì láìjẹ́ pé wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Nàìjíríà ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Gáná ti tirẹ̀ nígbà àrùn Kòrónà, láti oṣù kẹta ọdún 2020 títí di oṣù kẹta ọdún 2022. Nítorí èyí, oògùn tí yóò tó ju iye ọjọ́ ìrìnàjò lọ, ìwé ìrìnnà, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti owó gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí kì í kúrò lára. Kò sí agbèrò tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ wọ búùtù.

BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN

Báàgì tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ti wà lọ́jà, tuntun àti ọ̀kírìkà. Òun ni èyí tó ní okùn méjì tí a fi ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn, tó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e bí báàgì ọ́fíìsì, tó sì ní okùn kan ṣoṣo tí a lè gbé kọ́ èjìká. Okùn ẹ̀yìn rẹ̀ a máa wọ inú àpò kan, tí sípù yóò sì bò ó, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún wa ju bí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti rò lọ. Bàbá tó wọ agbádá kò lè gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn kí agbádá rẹ̀ má di rúdurùdu. Ìyá tó ró ìró, tó wé gèlè, yóò fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ wọn tó wọ ṣòkòtò jíìnsì yóò gbé báàgì kan náà kọ́ ẹ̀yìn. Báàgì kan, ẹni mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí kò yẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lè má mọ ọ̀kan ṣe dáadáa. Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ gbé e lófìfo. Bí ó bá ti wúwo nígbà tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ó dá a padà. Lẹ́yìn èyí, kí ó tú okùn ẹ̀yìn jáde, kí ó wò ó bóyá ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, tí tìmùtìmù sì wà nínú rẹ̀. Okùn tó tín-ín-rín bí okùn bàtà yóò gé ènìyàn léjìká kí ó tó dé Àgbádárìgì. Kí ó di orí okùn náà mú níbi tí wọ́n ti rán an mọ́ báàgì, kí ó fà á gidi. Ibẹ̀ ni báàgì ti máa ń kọ́kọ́ já. Bí ìránṣọ ibẹ̀ kò bá ní ju ìlà kan lọ, owó díẹ̀ ni ẹni tó ń ran bàtà lójú títì yóò gbà láti tún un rán kí ó tó di ẹrù ìrìnàjò.

Sípù ló kàn. Kí eyín rẹ̀ tóbi, kí ó sì ní orí méjì tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ kékeré dè pọ̀. Kí ènìyàn ṣí i, kí ó tì í, pàápàá níbi igun, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sípù tó bá há nínú ṣọ́ọ̀bù yóò ya ní ẹnubodè. Èyí tó ṣí yíká bí àpótí sàn ju èyí tí ẹnu rẹ̀ wà lókè nìkan, nítorí bí aṣọ́bodè bá ní kí a tú ẹrù, a kò ní máa tú u láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú èrò. Kí àpò kan sì wà níbi tó fara kan ẹ̀yìn ènìyàn, èyí tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè rí ṣí. Ibẹ̀ ni ìwé ìrìnnà yóò máa gbé.

Ní ti títóbi, kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà 55 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀ àti 20 ní nínípọn lọ. Báàgì tó bá wọ ìwọ̀n yìí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni yóò gbà kí olówó rẹ̀ gbé e wọ inú ọkọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, itan tàbí abẹ́ àga yóò gbà á. Báàgì tó tóbi jù a máa dẹ ènìyàn wò: ibi tó bá ṣófo nínú rẹ̀, a óò wá nǹkan dí i. Kí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn, kí ó má dán jù. Ìdọ̀tí kò ní tètè hàn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní máa pe olè.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ìsàlẹ̀ báàgì yìí, lábẹ́ aṣọ ìpààrọ̀, kí Gáná-mọ́sì-gò kan wà ní kíká. Ìgbà lílọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà bíbọ̀, àǹkárá Lòmé àti búrẹ́dì Sogakope yóò wọ inú rẹ̀. Yóò wọ búùtù, agbèrò yóò gbé àpò gàrí lé e lórí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí aṣọ kì í fọ́. Búrẹ́dì nìkan ni kí wọ́n fi sí òkè.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí arìnrìn-àjò bá ti padà délé, yóò gbọn iyanrìn ara báàgì rẹ̀ nù, yóò ti okùn ẹ̀yìn padà sínú àpò rẹ̀, yóò sì fa sípù bò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò gbé e lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti dé Accra. Gáná-mọ́sì-gò yóò ti wà ní kíká lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò máa retí ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá sì bi í léèrè ìdí tí kò fi ra báàgì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà: èyí tí òun lè dá gbé ni òun rà.